Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ Àwọn Ará Ṣáínà ní Ìlárá-Mọ̀kín

Àjèjì oúnjẹ kì í pẹ́ di ọmọ onílé mọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Bóyá ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà ní Àkúrẹ́ lónìí tí kò mọ ṣàwámà, oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà, tí a ń fi búrẹ́dì fẹ́lẹ́ ká mọ́ ẹran. Ẹni tó bá ti mọ ṣàwámà ti súnmọ́ ohun tí a fẹ́ sọ. Àwọn ará àríwá Ṣáínà ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní mùxū ròu: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a gé tín-ín-rín, tí a dín pẹ̀lú ẹyin àti olú. Ìrẹsì ni wọ́n sábà ń fi jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn tí ó dé àwọn ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, ni ó di ohun tí à ń ká sínú pańkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn kò ṣàjèjì sí irú kíká bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ká oúnjẹ sínú pańkéèkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé tiwọn, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló gbé e wọ ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìlárá-Mọ̀kín, ìlú Alárá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àwọn tó mọ ìlú náà nítorí Yunifásítì Elizade, tó wà níbẹ̀ láti ọdún 2012, tàbí nítorí pápá gọ́ọ̀fù rẹ̀, lè rò pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ilé tí à ń wí yìí, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ rí. Ọdún méjì ni ọmọbìnrin náà fi ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ Ṣáínà kan ní Ìkẹjà. Ó ń bó kárọ́ọ̀tì, ó ń fọ abọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan agbada rí. Ojú ló fi kọ́ iṣẹ́. Nígbà tó padà wálé, ó ní òun fẹ́ se ohun tí òun ń rí lójoojúmọ́ tí òun kò tọ́ wò.

Ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ dáhùn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò wọ ilé náà láti ọdún 2020. Bàbá ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kí àrùn tó dé, kò sì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí ilé ẹlẹ́dẹ̀ fi ṣófo. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Àrùn yìí kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní oògùn, ẹlẹ́dẹ̀ tó bá sì mú kì í sábà yè. Kẹ́ńyà ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1921. Ó jà gidigidi ní Nàìjíríà ní ọdún 1997. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ó wọ Ṣáínà, orílẹ̀-èdè tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ jù lọ láyé. Ní ọdún 2020, ó tún ba àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Aró lọ́kàn jẹ́, ní ààlà ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn. Àwọn tí wọ́n fún aráyé ní oúnjẹ yìí àti ọkùnrin Ìlárá yìí ti jọ sunkún ohun kan náà. Kò sí ẹni tó fi ìyẹn tu Bàbá nínú, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

“Ọmọ yín ní òun fẹ́ dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ o,” ni ìyá wí fún un lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ó pẹ́ kí ó tó fọhùn. “Ta ni yóò rà á?”

“Àwa náà ni.”

“Ẹ kò mọ̀ ọ́n rà. Èmi ni n ó lọ.”

Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Alápatà tó ti ń bá a dòwò pọ̀ nígbà kan rí kí i pé, “Bàbá, ẹ mà ti ṣọ̀wọ́n o.” Kò jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé etí ẹran náà wá kí òun wò ó, ó sì wo awọ abẹ́ ikùn rẹ̀ yíká. Ibẹ̀ ni àrùn náà sábà ti ń fara hàn, tí awọ yóò pọ́n bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò sin ẹlẹ́dẹ̀ rí yóò rò pé ó kàn ń yọ ọlọ́jà lẹ́nu ni. Kílò kan ló rà, láti èjìká.

Ọmọbìnrin náà gé ẹran lòdì sí bí iṣan rẹ̀ ṣe tò, tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ó po sọ́ọ̀sì sóyà, atalẹ̀, aáyù àti ṣúgà díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi ṣíbí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kan sí i, kí omi ara ẹran má baà sá. Olú tí àwọn ará Ṣáínà ń lò dúdú, ó rí bí etí, ara igi ló sì ń hù sí. Olú gbígbẹ tí ìyá ti fi pa mọ́ ni wọ́n rẹ sómi dípò rẹ̀. Kábéèjì rọ́pò òdòdó gbígbẹ tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, bí àwọn ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà náà ti ṣe.

Pańkéèkì ló gba ọgbọ́n jù. Ife fúláwà méjì ni, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tí kò kún ife kan ni wọ́n sì fi pò ó. Wọ́n dà á bò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ìṣù kékeré méjì, wọ́n fi òróró pa ojú ọ̀kan, wọ́n gbé èkejì lé e, wọ́n sì fi ìgò yí méjèèjì pọ̀ títí wọ́n fi fẹ́lẹ́. Agbada gbígbẹ ni wọ́n gbé e sí. Nígbà tó wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ó ti jinná. Wọ́n ya á sí méjì nígbà tó ṣì gbóná. Ìyá jó níka lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ̀ láti dáwọ́ dúró.

Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá fetí sí ohun tí ìyá yìí sọ lẹ́yìn náà. À ń dín àkàrà, à ń dín dòdò: inú òróró ni wọ́n ti ń wẹ̀. À ń yan ẹ̀pà, kò sí òróró níbẹ̀. À ń sun ẹran lórí iná. Èwo wá ni èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní chǎo, òróró ìwọ̀nba, iná ńlá, tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró? Ìyá wo agbada, ó ní, “Bí à ń ṣe dín ata ni.” Kò ṣàṣìsọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó Gẹ̀ẹ́sì kún àròkọ alálàyé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wà nílé ìdáná ìyá rẹ̀ ń fi máàkì ṣòfò.

Ẹyin ni wọ́n kọ́kọ́ dín, tí wọ́n sì yọ kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹran ń wọ agbada, nítorí bó bá pọ̀ jù yóò sun omi, yóò sì di sísè. Wọ́n dín in títí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ fi kúrò nínú rẹ̀. Aràn inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti olú tẹ̀ lé e, ẹyin sì padà wọlé. Wọn kò fi iyọ̀ sí i, èyí tó wà nínú sọ́ọ̀sì ti tó. Ata rodo kan ni ìyá fi tirẹ̀ kún un láìbéèrè. Ti ìyàwó aládùúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹran adìyẹ ni wọ́n fi ṣe é, agbada ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì lò.

Bàbá jẹ ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. Ó tú èkejì wò kí ó tó jẹ ẹ́.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń gé e ní Ìkẹjà nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ẹran díẹ̀ bọ́ èrò púpọ̀.” Ó na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ìyá kó èèpo kárọ́ọ̀tì àti gẹ́gẹ́kúgẹ́ ẹran sínú báàfù kan, ó fẹ́ gbé e fún ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò, bó ṣe máa ń fún wọn ní èèpo iṣu. Bàbá gba báàfù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ajẹkù ẹran tí kò jinná wà lára ohun tó ń gbé àrùn yẹn láti ilé ẹlẹ́dẹ̀ kan dé òmíràn, kòkòrò rẹ̀ sì lè pẹ́ nínú ẹran tútù. Ẹran tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò ni o, ó ṣì gbé ọkọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó gbẹ́ ihò tó jìn ju ibi tí ajá lè hú dé, ó sì dà á sí i. Ó gbé òkúta lé e lórí, ó wá ní kí wọ́n bá òun mú ọṣẹ wá.