Nígbà Tí Fáìlì Bá Di Dísìkì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tó ń fi ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ. Nínú Linux, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní loop. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú fáìlì kan ṣoṣo, kí ó sì gbé e kalẹ̀ fún ìyókù ẹ̀rọ bí ẹni pé dísìkì gidi ni. Bí ẹ bá ṣí fáìlì ISO lórí Linux láìfi CD kankan sínú ẹ̀rọ, loop ló ṣe é. Inú ekùrọ́ Linux ló wà. Ekùrọ́ ni mo pè é. Àwọn Faransé ń pè é ní noyau, kò sì sí ìdí tí àwa tí à ń pa ekùrọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ yóò fi máa wá orúkọ mìíràn kiri.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò, nítòsí Kétu, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ń kó iṣẹ́ wọn sí. Mo fi gbogbo iṣẹ́ náà sínú fáìlì kan tí ó tó gígábáìtì 10, kí n lè máa da ohun kan ṣoṣo kọ sórí dísìkì mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. Gígábáìtì 2 péré ni mẹ́mórì ẹ̀rọ náà. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ fi iṣẹ́ pamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ á dákẹ́, iná dísìkì á máa ṣẹ́jú, gbogbo wọn á sì máa wo ojú mi. Ìmọ̀ràn tí mo ń gbọ́ ni pé kí a ra ẹ̀rọ tuntun. Owó dà?

Ìdí ìdádúró náà ni mo wá lọ wádìí. Bí ekùrọ́ bá ka ohunkóhun lórí dísìkì, ó máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ sí mẹ́mórì, kí ó má baà tún rin ìrìn-àjò kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí dísìkì lọ́ra ju mẹ́mórì lọ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí loop bá wà láàárín. Ètò tó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn ọmọ nínú fáìlì ńlá náà fi ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́. Ètò tó gbé fáìlì ńlá náà fúnra rẹ̀ dúró tún fi ẹ̀dà kan náà pamọ́. Ó dà bí ẹni tó pọn omi kún àmù méjì nítorí ẹni kan ṣoṣo tí òùngbẹ ń gbẹ, nínú iyàrá tí kò fẹ̀.

Ìṣòro kejì ni ti ìlà. Títí di ọdún 2015, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni loop kọ̀ọ̀kan ní nínú ekùrọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá ìbéèrè lóhùn. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni loop là.

Ming Lei ló tún un ṣe. Nínú Linux 4.0, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ó gbé loop sórí ètò ìlà tuntun tí ekùrọ́ ń lò fún àwọn dísìkì ayára, kí òṣìṣẹ́ lè ju ẹyọ kan lọ. Nínú Linux 4.4, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2016, ó ṣe èyí tó wù mí jù: ó la ọ̀nà tààrà. Loop lè bá dísìkì sọ̀rọ̀ láìgba inú àmù ìsàlẹ̀ kọjá mọ́. Àmù òkè nìkan ló kù, ó sì tó. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì dúró de èsì mọ́. Ó ń ṣe bí obìnrin tó gbé àgbàdo sílẹ̀ nílé ẹ̀rọ ìlọta, tí ó lọ ra ata kí wọ́n tó pè é.

Ọ̀nà náà kì í ṣí fúnra rẹ̀. Àṣẹ losetup --direct-io=on ni a fi ń ṣí i, ìwọ̀n bùlọ́ọ̀kù sì gbọ́dọ̀ bára mu: bí dísìkì ìsàlẹ̀ bá ń wọn nǹkan ní báìtì 4096, tí loop ń wọ̀n ọ́n ní 512, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Ẹ tẹ losetup -l, kí ẹ wo abẹ́ DIO. Bí ẹ bá rí 1 níbẹ̀, ó ti ṣí. Ẹni tí mẹ́mórì rẹ̀ pọ̀ lè má rí ìyàtọ̀ kankan, ọ̀nà àtijọ́ tilẹ̀ lè yá a díẹ̀ bí ìkọsílẹ̀ bá ń wá ní ìwọ̀nba. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé tààrà túmọ̀ sí ààbò. Dísìkì náà ní mẹ́mórì kékeré tirẹ̀, iná wa sì ń lọ láìdágbére. Ètò ṣì gbọ́dọ̀ pàṣẹ pé kí a tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó lè sùn.

Ẹ̀rọ wa kò tíì di tuntun, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń fi iṣẹ́ pamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì dákẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé àmù méjì yìí, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì ìkẹyìn bi mí pé: «Ọ̀gá, ṣé ẹni tó wà ní Kétu náà lè tún ekùrọ́ ṣe?» Mo ṣí fáìlì tí wọ́n kọ loop sí hàn án, loop.c, tó wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti dà á kọ sórí kọ́kọ́rọ́ USB rẹ̀.