Kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kétu: Ẹ Jẹ́ Ká Bi Gbólóhùn Léèrè Ibi Tó Ti Wá

Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè tí à ń kọ́, wọ́n máa ń sọ fún wa pé èdè kan a máa wọ inú èdè mìíràn. Lónìí, mo fẹ́ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń fi ojú ọmọ iléèwé rí nígbà tí wọ́n bá ní kó kọ àròkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà ìsinmi ńlá, ọdún méjì tẹ̀léra, mo kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra BEPC ní Gẹ̀ẹ́sì ní Kétu. Èdè kẹta ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún wọn. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn níwèé láti kékeré, ìgbà tí wọ́n wọ kọ́léèjì ni Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò, ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí kíkọ. Ẹ wo àwọn gbólóhùn tí mo rí nínú ìwé wọn.

Èkíní ni «I have fifteen years». Gbogbo wa mọ ilé rẹ̀: Faransé ló ní kí èèyàn máa «ní» ọdún. Yorùbá ní tirẹ̀ wí pé, «Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.» Níbí yìí, Yorùbá sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Faransé lọ. Bí mo ti rán wọn létí «mo jẹ́», «I am» kò ṣòro mọ́.

Èkejì jẹ́ méjì nínú ìwé ọmọ kan náà: «My mother is a trader. He sells cloth», àti «Kola loves her mother». Ẹni tó ń kánjú á ní ọmọ náà kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Bẹ́ẹ̀ kọ́. «He» tó fi pe ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ Yorùbá ló ti wá, nítorí «ó» la fi ń pe ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n «her» tó fún Kọ́lá, Faransé ló bí i: «sa mère», nítorí pé obìnrin ni ìyá. Àṣìṣe méjèèjì jọra lójú, òògùn wọn kò jọra. Fún èkíní, kí ọmọ wo ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún èkejì, kó wo ẹni tó ni nǹkan, kó má wo nǹkan tó ní.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù: «My father, they are in the farm.» Nígbà tí mo ní kí ọmọkùnrin tó kọ ọ́ fi «he» síbẹ̀, ó wò mí, ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa pe bàbá mi ní ‹ó› bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni?» Ẹ̀kọ́ ilé ló wà nínú «they» yẹn. Faransé ní «vous» fún àgbà tí à ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní irú «wọ́n» tiwa fún àgbà tí kò sí níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ibòmíràn ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀wọ̀ sí, bíi «sir» àti «please», pé «he» kì í ṣe àrífín. Ó tún un kọ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń rojọ́ gbólóhùn mẹ́ta báyìí? Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tí kì í kọ ju ìlà márùn-ún lọ. Ó ní níléèwé òun, yíǹkì pupa ló máa ń bo ìwé òun, nítorí náà ohun tó bá dá òun lójú nìkan ni òun ń kọ. Ẹ gbọ́ o: wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ ní kíkọ, ó sì kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Mo fún wọn ní àkòrí «Ọjọ́ ọjà». Lákọ̀ọ́kọ́, olúkúlùkù rò ó fún ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu, ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà, wọ́n to ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe gbólóhùn, ní èdè tó bá wù wọ́n. Ìbáà jẹ́ ẹ ìbáà jẹ́ ɛ ni wọ́n fi kọ Yorùbá wọn, n kò bá wọn jà. Wọ́n wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì láìdúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́n wọn, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀. Ẹnìkejì kà á sókè, ó sì béèrè ohun tí kò yé e. Ìgbà yẹn la tó tún un kọ, oríṣi àṣìṣe kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ tó ní ọmọ àádọ́ta kò lè ka gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ lè ka ti ara wọn.

Ọmọbìnrin yẹn kọ ìlà mẹ́rìnlá nípa ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ta gaàrí, bó ṣe máa ń di àpò rẹ̀ pa tí oníbàárà bá ná an ní ìnákúnàá, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín bí onítọ̀hún bá padà. «My grandmother she laugh, she close the bag.» Àṣìṣe ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn kan á ní Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Mo rò pé Yorùbá ti wà níbẹ̀ kí olùkọ́ tó wọlé; ẹ jẹ́ kó kúkú bá wa ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé BEPC kò ní béèrè ibi tí àṣìṣe ti wá, àtúnṣe sì pọn dandan. Òótọ́ sì ni pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń sọ Yorùbá. Àwọn tó ń sọ Fọn bá ara wọn jókòó. Ọmọ Fúlàní kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, Faransé ló fi rò tirẹ̀.

Iṣẹ́ tiwa ni èyí, àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè. Tí ẹ bá lọ sílé nígbà ìsinmi, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Atakpamé, ẹ kó irú gbólóhùn báyìí jọ, kí ẹ kọ èdè tó bí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìwé wa yìí. Tó bá pọ̀ tó, a ó ní nǹkan gidi tí a lè gbé fún àwọn olùkọ́.