Hẹ́dífóònù Tuntun ní Creek Road: Agbára Kọ́ Ni Etí Ń Fẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò orin tí wọ́n ń tà ní ìlú Èkó ni ó ń gba Creek Road kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa rí ọ̀kan. Inú kọ̀ǹténà ni wọ́n wà. Láti èbúté Àpápá àti Tin Can ni àwọn tírélà ti ń kó wọn jáde, tí wọ́n ń gbé wọn lọ sí Alábà àti Ìkẹjà. Lẹ́yìn náà ni àwa tí ẹrù gba iwájú ilé wa kọjá yóò wá wọ ọkọ̀ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kí a lè lọ rà á ní iye tí ẹni tí ń gbé ní Ìkòròdú ń rà á. Ariwo ọkọ̀ tí ó gbé e nìkan ni ó jẹ́ tiwa lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ń sọ èyí nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Ó ń kọrin, ó sì ń to orin pọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ó ti gbó díẹ̀. Ibi ìkẹ́rùsí kan ní Àpápá ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé 120,000 náírà. Ẹni tí ó bá rántí pé 70,000 náírà ni owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 yóò mọ irú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí ọmọ náà ti fi du ara rẹ̀. Máíkì ni ó ń tọ́jú owó náà dè. Àfi bí àǹtí rẹ̀ tí ń gbé ní Peckham ní London ṣe fi hẹ́dífóònù kan ránṣẹ́ sí i, Beyerdynamic DT 770 Pro, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Jámánì. Gbogbo ilé ni inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi í sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè tó ti íápíìsì tí ó rà ní 2,500 náírà ní Boundary.

Ó wá bá mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, àńpìlífáyà ni mo fẹ́ rà. Ẹnì kan ti bá mi wò ó, ó ní 110,000 ni yóò gbà. Hẹ́dífóònù yìí kò lágbára."

Mo tún rédíò ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé "kò lágbára" ni gbólóhùn tí ó ti ná àwọn ènìyàn lówó jù lọ nínú iṣẹ́ ohùn. Mo ní kí ó mú páálí rẹ̀ wá. Ara páálí ni a ti rí i pé 250 óhmù ni. DT 770 Pro yìí kan náà ni wọ́n ń ṣe ní oríṣi 32, 80 àti 250. Óhmù ni òṣùwọ̀n ìdènà tí iná ń bá pàdé nínú wáyà: bí ó bá ṣe pọ̀ sí i ni volt tí a fi ń tì í yóò ṣe pọ̀ sí i. Ti 32 bá fóònù àti kọ̀ǹpútà kékeré mu. Ti 250 jẹ́ ti ilé ìgbohùnsílẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ tí ń tì í ti tóbi. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ tuntun kò ní láti ra àńpìlífáyà rárá bí ó bá kọ́kọ́ ka nọ́ńbà yẹn lára páálí. Ti ọmọ wa jẹ́ ẹ̀bùn, a kì í sì í bi ẹ̀bùn léèrè óhmù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, kò le. Àwọn tí ó ṣe é sọ pé mílíwáàtì kan yóò mú un dún dé 96 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Bí kọ̀ǹpútà bá ta volt kan sí i, mílíwáàtì mẹ́rin ni 250 óhmù yóò gbà, ìró rẹ̀ yóò sì tó 102 níbi tí orin bá ti ga jù. Volt kan yìí kan náà yóò fún ti 32 óhmù ní mílíwáàtì 31, ìró a sì gòkè dé 111. Mẹ́sàn-án tí ó wà láàárín wọn ni etí ọmọ náà ń gbọ́ tí ó fi ní kò lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ wo 102 yẹn dáadáa. Kì í ṣe ìró kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé etí lè gba ìró 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìsí ewu. Bí ó bá di 90, ó di wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Bí ó bá di 100, ogún ìṣẹ́jú péré ni, kì í ṣe lójúmọ́ o, lọ́sẹ̀ kan gbáko. Ohun tí ọmọ náà ní lọ́wọ́ ti lè pa etí lára kí a tó fi náírà kan kún un.

Kí ló dé tí kò fi tó o? Mo lọ jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan kí n lè fi etí ara mi gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ti ilé kejì ń ké lábẹ́ fèrèsé. Tírélà ń fọn fèrè lójú títì. Èbúté ti gbé ètò orí ẹ̀rọ kalẹ̀ láti oṣù Kejì ọdún 2021, èyí tí ó yẹ kí ó máa pe ọkọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ láti ibi ìgúnlẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé níbí mọ̀ pé fèrè kò tíì gbọ́ nípa ètò náà. Nínú hẹ́dífóònù fúnra rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ìró kan ń kùn bí oyin lábẹ́ orin. Ọmọ náà ń gbé ohùn sókè kí orin lè borí gbogbo wọn. Bí mo bá sì pè é, ó di ẹ̀ẹ̀mejì kí ó tó ní "ẹ̀n, sà?" Mo bi í bóyá etí rẹ̀ máa ń dún bí ó bá fẹ́ sùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó lójú mi.

Mo ní kí ó yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lára iná. Ìró oyin náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wọn: ihò mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n wọn kò fi wáyà kankan sí ti òkè tí ó yẹ kí ó máa da iná tí ó bá ṣáko sínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé rí ní Ajégúnlẹ̀, àti ní Sùúrùlérè pẹ̀lú. Iná tí kò rí ilẹ̀ wọ̀ yóò wá ọ̀nà mìíràn, wáyà hẹ́dífóònù sì wà lára ọ̀nà rẹ̀. Ká ní ọmọ náà ti ra àńpìlífáyà 110,000 náírà yẹn ni, yóò gbé orin sókè, yóò sì gbé ìró oyin sókè pẹ̀lú rẹ̀, nítorí àńpìlífáyà kò mọ orin yàtọ̀ sí ariwo. Ohun tí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: àńpìlífáyà tí wọ́n fi ń ti àpótí ohùn níbi àríyá ni, èyí tí ó lè jó hẹ́dífóònù náà láàárín ìṣẹ́jú.

Bí kì í bá ṣe agbára, kí ni ó kù? Sound card ni. Inú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó wà, òun ni ó ń sọ nọ́ńbà di ìró. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú fara ti ohun gbogbo tí ń pariwo nínú rẹ̀, nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń ra tí ìta, èyí tí a ń kì bọ USB. Fún ẹni tí ó kàn fẹ́ gbọ́ orin, okùn kékeré kan tí Apple ń tà ní dọ́là mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà tó. Ti Amẹ́ríkà ń ta volt kan, èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù ń ta ìdajì rẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ará London rò ó wò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ohùn rẹ̀ tún máa ń kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là mẹ́sàn-án kò pé 4,500 náírà ní iye tí báńkì ń kà. Nígbà tí ó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti ju 12,000 lọ, a kò sì tíì dárúkọ owó aṣọ́bodè àti èrè oníṣòwò.

Ọmọ tiwa fẹ́ gbohùn sílẹ̀, òun nìyí tí okùn kékeré kò fi lè tó o. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dárúkọ V8, àpótí tí bọ́tìnnì ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ wà lára rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ máa pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín lórí Facebook. Fún ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe rí, n kò ní fi owó mi rà á. Àwọn kan tún ń ta ohun kékeré kan tí wọ́n kọ "7.1" sí lára, bí ẹni pé a ní etí méje. Èyí tí mo dábàá ni àpótí ìgbohùnsílẹ̀ tí ó kéré jù, irú Behringer UMC22 tàbí Focusrite Scarlett Solo, tòkunbọ̀ tí ó bá mọ́: ó ní ihò hẹ́dífóònù, ó ní ihò máíkì, ó ń ta iná 48 volt tí máíkì condenser ń jẹ, ara USB ni ó sì ti ń jẹ iná tirẹ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà tí a ti yọ ṣájà rẹ̀ tó fún un. Kò ní mú 250 óhmù pariwo bí ti ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá. Ohun tí mo fẹ́ náà nìyẹn.

Ọmọ náà jiyàn. Ó ní kò sí ilé orin gidi tí ẹ̀rọ rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀. Mo rán an létí Wharf Road tí ó pàdé Creek Road yìí. Ní ọdún 1973, Paul McCartney àti ìyàwó rẹ̀ Linda pẹ̀lú Denny Laine wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá níbẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìlú wọn, àwọn olè sì gba kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti kọ́kọ́ ko orin wọn sí lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n rántí orin náà lórí, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ nínú Band on the Run sílẹ̀ ní Àpápá kí wọ́n tó padà sí London lọ parí rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwọn yẹn ní London láti padà sí." Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di 110,000 náírà.

A jọ lọ sí Alábà ní ọjọ́ Sátidé. A gbé kọ̀ǹpútà àti hẹ́dífóònù náà dání. Ẹni tí ó bá lọ ra nǹkan ohùn láìmú tirẹ̀ lọ́wọ́, etí olùtajà ni yóò fi gbọ́ ọ. A yọ ṣájà, a gbé ohùn sókè dé òpin láìfi orin kankan sí i, a sì tẹ́tí sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń sín bí ejò. A dá a padà. Ìkejì dákẹ́. Ọkùnrin náà ya máíkì ara rẹ̀ fún wa, iná 48 náà dé ibẹ̀. A ná an títí ó fi gba 65,000. Ó ku 55,000 nínú owó máíkì.

Láti ìgbà tí epo ti wọ́n, agogo mọ́kànlá alẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ báyìí, pẹ̀lú bátìrì kọ̀ǹpútà tí kò tó wákàtí méjì, èyí tí inú mi dùn sí ju bí mo ti sọ fún un lọ. Mo ní kí ó lọ jẹ́ kí dókítà wo etí rẹ̀, ó sì ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ fi kútẹ́ẹ̀sì pupa fa ìlà sí ara bọ́tìnnì ohùn àpótí náà, níbi tí kò gbọdọ̀ kọjá.