Ẹ̀rọ Ayàwòrán Olójú Méjì

Ní ilé wa ní Òṣogbo, àpótí dúdú kan wà tí ó ní ojú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ni ó ni ín. Ayàwòrán ni, kì í sì í gbé àpótí yìí sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Orí pẹpẹ gíga ni ó ń gbé e sí, a sì máa fi aṣọ funfun bò ó bí ẹni tí ń bo ọmọ tuntun. Orúkọ tí a kọ sí iwájú rẹ̀ ni Rolleicord. Ó pẹ́ kí n tó mọ bí a ti ń pè é, ó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí n tó mọ ibi tí ó ti wá.

Kí n tó sọ ìtàn rẹ̀, ó yẹ kí n sọ bí a ti ń lò ó, nítorí ẹni tí kò bá rí i rí kò lè mọ ohun tí ó mú un yàtọ̀. Ayàwòrán kì í gbé e sí ojú. Ọrùn ni ó ń fi okùn rẹ̀ kọ́, àpótí náà yóò sì wà níwájú àyà rẹ̀. Bí ó bá ṣí ìdérí òkè, yóò rí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, lórí èyí tí àwòrán ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò hàn. Ojú òkè ni ó ń mú àwòrán náà wọlé, dígí kan tí ó dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ nínú àpótí sì ń gbé e sókè sí gíláàsì. Ojú ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ ni ó ń ya àwòrán sára fíìmù. Nítorí dígí yìí, ọ̀tún a máa di òsì: bí ẹni tí a ń yà bá sún sí ọ̀tún, yóò dà bí ẹni pé òsì ni ó sún sí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yóò sì máa lé e káàkiri títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn.

Ìyá àgbà, tí ó bí bàbá mi, ní ìdí tirẹ̀ láti fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Ayàwòrán mìíràn wà ní àdúgbò wa tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ó sì ń fi aṣọ dúdú bo orí. Ìyá àgbà a máa bèèrè pé, "Ẹni tí ó fi aṣọ bo orí níwájú àgbà, kí ni ó ń fi pamọ́?" Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Kékeré bá wo inú àpótí rẹ̀, a di dandan kí ó tẹ orí ba. Inú ìyá rẹ̀ a dùn, a sì wí pé, "Ẹ wo ọmọ mi, ó ń tẹríba fún wọn kí ó tó yà wọ́n." Síbẹ̀ kò jẹ́ kí a ya òun. Ó ní ó di ọjọ́ tí aṣọ òkè tí àwọn ọmọ òun ń hun fún òun bá dé.

Ìlú Braunschweig ní àríwá Jámánì ni a ti ṣe ẹ̀rọ náà. Ilé iṣẹ́ ńlá kan, Voigtländer, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1849. Vienna ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1756. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì, Paul Franke àti Reinhold Heidecke, fi í sílẹ̀, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1920. Franke mọ òwò, Heidecke mọ iṣẹ́ ọwọ́. Kì í ṣe àkókò tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun: ogun àgbáyé kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Jámánì ni a sì ṣẹ́gun, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1923 owó ilẹ̀ náà ti di yẹpẹrẹ.

Ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́, Heidoscop ti ọdún 1921, ní ojú mẹ́ta tí ó tò ní ìbú. Méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ń ya àwòrán ìbejì, kí ẹni tí ó bá ń wò wọ́n pọ̀ lè rí ìjìnnà àti ìtòsí bí ojú ènìyàn ti ń rí wọn. Ti àárín ni ayàwòrán fi ń wo ohun tí ó ń yà. Ní ọdún 1926 wọ́n ṣe irú rẹ̀ tí ó ń lo fíìmù tí a ká, wọ́n pè é ní Rolleidoscop. Lẹ́yìn èyí ni Heidecke ṣe ohun tí mo kà sí ọgbọ́n tòótọ́. Kò fi ohunkóhun kún un. Ojú kan ni ó yọ kúrò, ó sì gbé méjì tí ó kù lé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí Rolleiflex, tí ó dé ọjà ní ọdún 1929. Rolleicord tẹ̀ lé e ní ọdún 1933 fún àwọn tí owó wọn kò tó ti ẹ̀gbọ́n. Ní ọdún 1937 wọ́n mú Rolleiflex Automat jáde: ní yíyí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fíìmù yóò kọjá sí ààyè tuntun, ìlẹ̀kùn kékeré inú lẹ́ǹsì yóò sì ti múra sílẹ̀.

Nínú Rolleicord ti Bàbá Kékeré, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí. Ẹni tí ó bá yà tán gbọ́dọ̀ rántí láti yí fíìmù. Ó ti kọ́ mi léraléra.

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1961, nígbà ìsinmi ilé-ìwé, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bàbá Kékeré gbé ẹ̀rọ ńlá lọ sí Ẹdẹ láti ya ìgbéyàwó. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni aṣọ òkè dé. Ìyá àgbà ró o, ó wé gèlè, ó jókòó sórí àga níwájú ilé, ó ní kí n lọ gbé olójú méjì wá. Mo sọ fún un pé a kò ì tí ì gbà mí láyè. Ó ní, "Èmi ni mo bí ẹni tí ó ni ín." Mo gun àpótí, mo gbé e. Mo tẹríba, mo yà á dáradára. Kí n tó gbé orí sókè ni àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, sáré lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń pariwo pé kí n ya òun náà. Mo yà á. N kò yí fíìmù.

Ní ọjọ́ kejìlá, Ìyá àgbà sùn, kò jí. Àwọn ẹbí ń bèèrè àwòrán tí a óò gbé kọ́ ògiri fún ìsìnkú. Bàbá Kékeré wọ yàrá dúdú rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó pè mí wọlé, ìwé náà ṣì tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Ìyá àgbà hàn kedere lórí itan rẹ̀, gèlè rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n férémù ìlẹ̀kùn là á ní ojú kọjá, àbúrò mi sì dúró sí àárín àyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró de ẹgba. Bàbá Kékeré nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo fi í sílẹ̀ lọ." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rọ. Nígbà tí mo kà nípa Automat ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, mo pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ní ìbànújẹ́ tirẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1944 àwọn ọkọ̀ òfuurufú fi bọ́ǹbù jó Braunschweig, a sì ba ilé iṣẹ́ Franke àti Heidecke jẹ́ gidigidi ní ọdún náà. Wọ́n tún un kọ́. Franke kú ní ọdún 1950, Heidecke ní ọdún 1960. Láàárín ọdún méjèèjì yìí ni òkìkí ẹ̀rọ wọn ga jù lọ, tí àwọn ará Japan sì ń ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ayé ń yìn kì í tètè wo ẹ̀yìn. Victor Hasselblad ní Sweden ti mú ẹ̀rọ olójú kan jáde ní ọdún 1948, èyí tí a lè pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀. Nikon F ti Japan dé ní ọdún 1959. Àwọn ará Braunschweig sì ń ṣe ojú méjì wọn lọ. Nígbà tí Heinrich Peesel di ọ̀gá ní ọdún 1964, ó sáré láti lé wọn bá. Rollei 35, ẹ̀rọ kékeré tí Heinz Waaske ṣe, jáde ní ọdún 1966, ó sì tà gan-an. A tún kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí Singapore. Gbèsè pọ̀ jù èrè lọ, ní ọdún 1981 ilé iṣẹ́ náà wó.

Bàbá Kékeré fi Rolleicord rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Àwòrán Ìyá àgbà wà lára ògiri ilé wa síbẹ̀. Àlejò kì í ṣàìbèèrè ọmọ tí ó wà ní àyà rẹ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí àbúrò mi pé àádọ́rin ọdún, ó ró aṣọ òkè, ó gbé àga sí iwájú ilé, ó ní kí n wá ya òun. Mo tẹríba, mo yà á, mo sì yí fíìmù títí ó fi dúró.