Ìdànrè Ju Àtẹ̀gùn Lọ

Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè kò tó 30 kìlómítà. Ẹni tó ra àkàrà gbígbóná ní Àkúrẹ́ kó tó wọ ọkọ̀ lè dé ibẹ̀ kí àkàrà náà tó tutù tán. Ṣùgbọ́n láàárín ìrìn kékeré yẹn, ilẹ̀ á ti yí padà. Ní Àkúrẹ́, àpáta kàn ń yọjú síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín ilé ni. Bí a bá ti ń sún mọ́ ilẹ̀ Ìdànrè, òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́tùn-ún lósì, dúdú, ràbàtà, láìní igi lára àfi níbi tí àpáta ti là. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní àpáta gíráníìtì ni, pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti dì ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí òjò àti oòrùn tó wá fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà họ ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò. Ohun tí à ń gbójú sókè wò lónìí, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló wà rí. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi á máa ya funfun lára rẹ̀ wá sílẹ̀, ariwo rẹ̀ á sì gba gbogbo ìlú.

Oǹdó ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ ló gbé mi dé Àkúrẹ́. Bí àwọn ará ìlú méjèèjì yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ Ìdànrè ló ń dùn mí. Bí Àjíǹde bá dé, tàbí ọdún tuntun, tàbí tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde, “ẹ jẹ́ ká lọ gun òkè” ni wọ́n á sọ. Wọ́n á dé ẹsẹ̀ òkè ní Odòde, wọ́n á san owó, wọ́n á gun àtẹ̀gùn tó lé ní 660, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, ó di inú ọkọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti padà dé ilé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ìlú àfi ẹni tó ta omi tútù fún wọn. Wọn ò dúró ní Àládé, wọn ò dúró ní Àtòsìn, bẹ́ẹ̀ Àládé, Àtòsìn àti Odòde pa pọ̀ ni Ìdànrè.

Kí n má ṣe bí ẹni pé òkè yẹn kò tó gùn. Ó tó gùn dáadáa. Ìlú odindi ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ta ni yóò gun àpáta bẹ́ẹ̀ láti wá kó ẹrú? Àwọn àgbà Ìdànrè sọ pé adé Odùduwà tó wà lọ́wọ́ àwọn ni ọba Ìbíní ń wá, òkè ló sì gbà wọ́n. Àfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀, àgbàlá rẹ̀ tó gba inú àgbàlá, ògiri amọ̀ rẹ̀, òpó onígi gbígbẹ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ lọ́dún 1896 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rò ó wò: àwọn ọmọ tó ń kọ́ a-b-d lórí àpáta, tí ìkùukùu ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni ipa ẹsẹ̀ Agboògùn wà, èyí tí wọ́n ní ó máa ń ba ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, yálà ọmọdé ni tàbí àgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ìlú yẹn ti sọ̀kalẹ̀. Ogun tán, ọ̀nà ọkọ̀ dé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ ń fa àwọn ọ̀dọ́ wá sísàlẹ̀, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, kòkó dé. Kò sẹ́ni tí yóò máa gbé àpò kòkó lọ sókè àpáta. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1930, ìsàlẹ̀ ti di ilé. Òkè kò di ahoro fún wọn síbẹ̀. Àwọn ètùtù kan wà tí wọn ò lè ṣe níbòmíràn, òrìṣà Òrósùn sì ń gba ọdún rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ìlú kan náà ni ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó wo ti òkè láìwo ti ìsàlẹ̀, ìdajì ló wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ kan, nítorí àwọn tó ń gun òkè ń rìn kọjá lára ibùgbé rẹ̀ láìmọ̀. Lọ́dún 1963 ni Schiøtz, onímọ̀ ará Denmark, kọ nípa rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Orí àpáta Ìdànrè nìkan ni wọ́n ti rí i ní gbogbo ayé. Dípò kí ọmọ rẹ̀ máa wẹ̀ nínú adágún bí ti àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yòókù, ara àpáta tí omi ń ṣàn lé lórí ni ó ń lẹ̀ mọ́ títí yóò fi dàgbà. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé ó ti run, àfi ìgbà tí wọ́n tún rí i lọ́dún 2013. Lẹ́yìn òkè, nínú igbó ọba Ìdànrè, ìnàkí ṣì kù. Bí igbó yẹn bá tán, ìnàkí kò ní ibi tó fẹ́ lọ, nítorí oko ti yí i ká.

Oko kòkó sì ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, Ìdànrè sì wà lára àwọn ìlú tó ń gbé orúkọ náà ró. Ní àsìkò kòkó, òórùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀. Wọ́n á fi dòjé orí ọ̀pá gígùn já a, wọ́n á là á, wọ́n á kó hóró rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kó lè gbóná kó sì yí àwọ̀ padà. Ibi tí adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀ ti ba kòkó rẹ̀ jẹ́ kí oòrùn tó rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a, lórí ẹní, lórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé, lórí àpáta tó tẹ́jú.

Mo bá ìyá kan níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ rú kòkó rẹ̀ lójú oòrùn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá.”

“Kú ìrìn, ọmọ mi. Òkè lò ń lọ?”

Mo ní kòkó ni mo wá wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fọ́ hóró kan kí n rí inú rẹ̀, bó ṣe pọ́n rúsúrúsú, tó là wẹ́wẹ́ bó ṣe yẹ. Inú rẹ̀ dùn sí kòkó náà, ó sì tọ́ kó dùn. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ń kó o lọ.

“Ọkọ̀ ló ń wá kó o lọ s'Àkúrẹ́. Èmi ò mọ ibi tó ń gbà lẹ́yìn ìyẹn.”

Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ní Àkúrẹ́, wọ́n á da kòkó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹni tó fi ewé bo tirẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré. Ní èbúté Èkó, á di kòkó Nàìjíríà lásán. Lọ́dún 2024, nígbà tí iye owó kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, kò sí ẹni tó bèèrè pé èwo ni ti Ìdànrè nínú rẹ̀. Orúkọ ìlú náà dúró sára àtẹ̀gùn. Ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ń jáde lọ láìlórúkọ.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Faransé, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Le Puy-en-Velay. Òun náà ní àpáta, tí ilé ìsìn àtijọ́ kan wà lórí rẹ̀, àtẹ̀gùn 268 ni wọ́n fi ń gùn ún. Àwọn arìnrìn-àjò ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú náà ní ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan tó láwọ̀ ewé, tí wọ́n ń gbìn ní àwọn oko àyíká rẹ̀. Láti ọdún 1996, òfin ti dáàbò bo orúkọ náà: ẹni tí kò bá gbìn ín ní agbègbè yẹn kò gbọdọ̀ kọ Le Puy sára àpò rẹ̀. Ẹni tí kò tíì gun àpáta wọn rí ti jẹ ẹ̀wà wọn, ó sì mọ orúkọ ìlú wọn.

Kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìdànrè? Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, ń fẹ́ kí ẹni tó bá kó kòkó wọ ọ̀dọ̀ wọn fi oko tó ti wá gan-an hàn, kó sì fi hàn pé wọn ò pa igbó láti gbìn ín. Tí a bá máa wá ibi tí kòkó kọ̀ọ̀kan ti wá, ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ ibẹ̀ sára àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á dáàbò bo àgbẹ̀, á sì dáàbò bo igbó ìnàkí. Èyí yá mi lára ju ọ̀rọ̀ UNESCO lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ ìyẹn náà: láti ọdún 2007 ni òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn tó ń dúró de ìforúkọsílẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé wọn, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Sukur ti wọlé ní 1999 tí igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sì wọlé ní 2005. Ògiri amọ̀ àfin Ọwá kò lè máa dúró dè wọ́n títí láé nínú òjò.

Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó kí wọ́n jókòó sórí ọ̀rọ̀ yìí, kí kòkó Ìdànrè máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí ẹ ó tún lọ gun òkè ní Àjíǹde tó ń bọ̀, ẹ sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ jẹ iyán wọn, ẹ yà sí Àládé, kí ẹ sì kí àwọn tó ń sá kòkó.