Àdùkẹ́, Kí O Tó Gbé Gìtá Jáde

Ṣómólú,
Èkó.
Ọjọ́ 12, oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lórí fóònù. Ìyá rẹ náà ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: kí n bá wọn sọ fún ọ pé ọmọbìnrin kì í dá gbé gìtá kọ́rùn láti ìlú dé ìlú. Mo ní mo gbọ́. N kò sọ pé mo máa ṣe é. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti irú ìrìn bẹ́ẹ̀ dé nínú oṣù Ọ̀pẹ, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kí o má lọ? Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí ọ̀nà ṣe rí fún ọ, kí ojú rẹ ti là kí o tó gbéra.

Ìlú mẹ́rin ni mo dé ní ọjọ́ mẹ́jọ: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ọ̀wọ̀. Bí o bá ka gbogbo wákàtí tí mo fi kọrin pọ̀, kò pé mẹ́fà. Nínú ìyókù, ẹrù ni mo ń gbé, mọ́tò ni mo ń dúró dè, iná ni mo ń retí pé kó dé.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Abẹ́òkúta, òun náà ni mo tún wọ̀ dé Ìbàdàn. Láti ọdún 2021 tó ti ń kó èrò lójú ọ̀nà yẹn, ó ti gba àwa tí a ń gbé ohun èlò orin lọ́wọ́ ìyọnu: kò sí gálọ́ọ̀pù, kò sí ẹni tí yóò jókòó lé gìtá rẹ lórí. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ibùdókọ̀ rẹ̀ ní ìlú méjèèjì kò sí láàárín ìlú. Ti Abẹ́òkúta, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, Ládérìn ló wà. Ti Ìbàdàn, tó ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó di Mọ́níyà. Owó mọ́tò láti ibẹ̀ wọ ìgboro, kà á mọ́ ìnáwó rẹ láti ilé.

Gáréèjì lọ̀rọ̀ wà. Ní Ìwó Road, ní Ìbàdàn, agbèrò kan ti di gìtá mi mú kí n tó sọ pé Òṣogbo ni mò ń lọ. “Àǹtí, búùtù ló máa wọ̀.” Mo ní kò lè wọ búùtù. Ó ní kí n sanwó èèyàn méjì nígbà náà. Mo san án. Ìwọ náà, san án láìjanpata. Búùtù mọ́tò tó dúró sínú oòrùn, ààrò ni. Ooru ibẹ̀ máa ń mú kí gọ́ọ̀mù gìtá rọ̀, pákó kékeré tó di okùn mú níkùn rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kí o tó wọkọ̀, dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́ bí irú èyí, wá ike ọṣẹ kan, dá ihò sí i lára, ki fóómù tí o rẹ sómi tí o sì fún dáadáa sínú rẹ̀, kí o gbé e sínú àpótí gìtá. Ọyẹ́ máa ń fa omi inú igi, bí igi bá sì gbẹ jù, sísán ló kàn.

Bí mo ṣe gbé gìtá jókòó sórí àga bí èrò, ìyá kan lẹ́yìn bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Mo ní rárá, olórin ni mí. Ó ní, “Àwọn ẹgbẹ́ rẹ dà?” Mo ní èmi nìkan ni. Ó wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, ta ló wá ń gbè fún ọ?”

Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Orin tiwa kì í ṣe orin àdákọ. Tunde King tó ń kọ jùjú l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ tirẹ̀ kò tóbi, síbẹ̀ bó ti ń ta bánjò ni wọ́n ń lu ìlù jùjú tì í, tí wọ́n ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ni ẹgbẹ́ wá ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dá dúró níwájú èrò lónìí, bí ẹni tí kò rówó san fún onílù ni wọ́n ń wò ó.

Òṣogbo ni mo ti rí ìdáhùn. Ẹ̀yìnkùlé ilé oúnjẹ kan ni wọ́n ti ní kí n kọrin. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, ọyẹ́ ń fẹ́, ó tó ogójì èèyàn tó jókòó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú orin kejì ni okùn tó tín-ín-rín jù já, tó nà mí lẹ́yìn ọwọ́ pàì. Ká ní mo ní ẹgbẹ́ ni, onígángan á ti gba orin lẹ́nu mi. Mo dúró, mo ń wo àwọn èèyàn, àwọn èèyàn ń wò mí. Mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ikùn gìtá, mo tún ẹ̀gbè orin náà dá. Ẹnikẹ́ni ò gbè. Mo dá a lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá tó ń yan ẹja lẹ́bàá ògiri ló gbà á, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná lu ẹ̀gbẹ́ àdògán, ó ń gbè. Àwọn tó ń dúró de ẹja gbà á lẹ́nu rẹ̀, kó tó pẹ́ gbogbo ẹ̀yìnkùlé ti ń gbè.

Mo jókòó sórí àpótí áńpù, mo yọ èyí tó já, mo ki tuntun bọ ihò, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo fi ṣe tán, ohùn wọn ti gòkè ju ibi tí mo ti dá orin lọ. N kò sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣì í. Mo fi kápò há ọrùn gìtá ní ojúlé kìn-ín-ní kí ohùn rẹ̀ lè gòkè, mo bá wọn níbi tí wọ́n wà.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti yí ètò orin mi padà. Orin tí mo fi ń ṣíde báyìí, ẹ̀gbè rẹ̀ kì í ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Mo máa ń dá a títí wọn yóò fi gbà á, kí n tó gbé orin tó le sílẹ̀. Bí o bá dé ìlú, má wá ẹni tí yóò gbóríyìn fún ọ. Ẹni tí yóò gbè fún ọ ni kí o fi ojú wá, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò sanwó wọlé.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ẹni tó pè mí ní èrò kò pọ̀ tó bí òun ṣe rò, ló bá fún mi ní ìdajì. Láti ọjọ́ náà ló ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù. Nítorí náà, gba ìdajì owó rẹ kí o tó kúrò nílé, kí o sì ká owó àpadàbọ̀ sínú páálí okùn gìtá, níbi tí ebi kò ti ní mú kí o ná an. Nípa ìnáwó lójú agbo, o mọ̀ pé bí orin bá wọ àwọn èèyàn wa lára, wọ́n á fẹ́ lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ti rán àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ká tilẹ̀ yọ ti òfin kúrò, ta ni yóò bá ọ ṣa owó nílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ méjèèjì wà lórí okùn? Èmi kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi gàdàgbà sórí páálí, mo gbé e sídìí máìkì. L'Ábẹ́òkúta, fóònù ń gbọ̀n lápò mi bí mo ti ń kọrin, òun ni mo fi ń mọ orin tó wọ̀ wọ́n lára.

Tọ́jú ohùn rẹ pẹ̀lú. Orin kọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú un há, bí kò ṣe ẹjọ́ tí o bá ń rò nínú mọ́tò tó ń pariwo. Má jẹun yó kí o tó kọrin. Lọ wo yàrá tí o máa sùn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o sì fi orúkọ ibẹ̀ àti nọ́ńbà yàrá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Ìyẹn nìkan á jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ọ̀wọ̀ ni mo parí sí. Ìlú yẹn ni wọ́n bí Benjamin Adéróunmú, olórin afọ́jú tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kokoro, tó ń fi sámbà kọrin kiri ìgboro. Bí mo ti ń tú okùn gìtá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ni mo ń rò. Kò ní áńpù, kò ní ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá lọ ni àwùjọ rẹ̀.

Ìyá rẹ á tún pè mí lọ́la. Mo máa sọ fún wọn pé mo ti bá ọ sọ̀rọ̀, irọ́ kọ́ sì ni. Mo ti fi okùn méjì àti ike ọṣẹ tèmi ránṣẹ́ sí ọ. Nígbà tí o bá dé ìlú àkọ́kọ́, kọ̀wé sí mi. Má wulẹ̀ ka iye èrò tó wá fún mi. Ẹni tó kọ́kọ́ gbè fún ọ ni kí o sọ.

Èmi ni Àǹtí rẹ,
tó ń retí ìròyìn.