Ìnàjú ní Àjàṣẹ́

Nígbà tí àwọn tí ó rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí Róòmù bá padà dé, kì í ṣe ìròyìn ilé-ìjọsìn Pétérù Mímọ́ nìkan ni wọ́n ń mú wá fún wa. Wọn a tún máa sọ bí àwọn ará Ítálì ṣe máa ń wọ aṣọ dáradára ní ìrọ̀lẹ́, tọmọdé tàgbà, tí wọn yóò sì rìn káàkiri ìgboro láìsí pé wọ́n ń lọ sí ibì kan pàtó. Passeggiata ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ìnàjú ni àwa ń pè é. Wọn a wá mí kanlẹ̀ pé a kò ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwa kò fara mọ́ èyí rárá. Ìlú náà ń bẹ nítòsí Ìfọ̀nyìn níhìn-ín. Àwa ni a ń fi eré kọjá nínú rẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ sí Kútọnu.

Àjàṣẹ́ ni àwa Yorùbá ń pè é, àwọn Ògù ń pè é ní Hogbonu, àwọn Potogí ni ó sọ ọ́ ní Porto-Novo. Ní ọdún 1900 ni àwọn Faransé fi í ṣe olú-ìlú Dahomey, òun náà sì ni olú-ìlú Benin nínú ìwé òfin títí di òní. Ṣùgbọ́n ariwo àti wàhálà òwò ti kó lọ sí Kútọnu, oore ńlá sì ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ń gbé Àjàṣẹ́.

Àwa gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́ wa, a sì mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ìpè ìrun ni yóò kọ́kọ́ jí ènìyàn, agogo katidírálì a sì tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wà lẹ́bàá ọ̀nà. Lọ́sàn-án, ẹja ọ̀sà tí a dín, tí a gé àlùbọ́sà, tòmátì àti ata tútù lé lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní mónyò. (Bí ó bá jẹ́ àkókò ààwẹ̀ ni ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì wá.) Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn àgbà a gbé àpótí ìjókòó jáde sí ìta tí ó wà láàrin agbo-ilé, àwọn ọmọ a máa gbá bọ́ọ̀lù. Ojúbọ wà ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìta wọ̀nyí, a mọ̀. Ìyẹn kò ní kí a má kí àwọn àgbà, kí a sì jókòó tì wọ́n.

Àwọn ilé ni ó yẹ kí a dúró wò. Àwọn tí ó kọ́ wọn ni àwọn Àgùdà, ọmọ ẹrú tí ó padà wá láti Brazil, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ti mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́hùn-ún. Orúkọ wọn náà ni Yorùbá fi ń pe ìjọ wa títí di òní. Nígbà tí Fáda Francesco Borghero, ará Ítálì, ṣáájú àwọn míṣọ́nnárì S.M.A. gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861, tí mísọ̀n Àjàṣẹ́ sì tẹ̀lé e ní 1864, àwọn Àgùdà ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Àgùdà ni Kátólíìkì o! Àwọn Mùsùlùmí wọn ni ó kọ́ mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ ti Àjàṣẹ́, tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè fẹ́ ṣe àmì àgbélébùú níwájú rẹ̀.

Àwọn ilé náà ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Amọ̀ pupa ni a fi mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Amọ̀ lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún bí omi kò bá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí páànù bá jò, òjò ọdún mélòó kan tó láti sọ ògiri di ẹrẹ̀. Àwọn mìíràn a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n rò pé ìrànlọ́wọ́ ni. Sìmẹ́ńtì kì í sì í jẹ́ kí omi tí ó ti wọ inú amọ̀ rí ọ̀nà jáde, ògiri a máa jẹrà láti inú. Èyí tí ó le jù ni ọ̀rọ̀ ogún. Ilé baba-ńlá kan lè ní ogójì olóhun, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Paris. Ẹnikẹ́ni kò lè dá a tà, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ dá páànù rà fún gbogbo ẹbí. Ìdílé wo nínú wa ni kò mọ irú èyí? Díẹ̀ ni ó rí olùtọ́jú, bí ilé tí Musée da Silva wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kó àwọn ọmọ lọ ra bàtà ní Kútọnu, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó dàgbà, kí àwọn ilé náà tó tán. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni ó dára jù, nígbà tí àwọn Àgùdà ń ṣe àjọ̀dún Nosso Senhor do Bonfim. Wọn a lọ sí Mísà, lẹ́yìn náà bùríyàn a jáde pẹ̀lú ìlù àti agọ̀ lójú, àwọn ìyá àgbà tí kò gbọ́ èdè Potogí rárá a sì máa fi èdè náà kọ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.